Oṣù Méjì Tí Mùsílímátù Fi Pamọ́

Mo ti darúgbó báyìí, kò sì sí ẹni tí mo ń bẹ̀rù mọ́, nítorí náà n ó sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan lẹ́yìn ọjà Ìyànà Ọ̀fà, ní Lagelu lẹ́bàá Ìbàdàn. Olúfúnmi ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n kó tó pé ọdún kan, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ẹnu mi mú, ẹsẹ̀ mi yá, mo sì gbà pé àìmọ̀kan nìkan ló ń pa aláboyún lóko. Tíṣà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá mi, ẹgba ló sì fi kọ́ wa pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó burú tó irọ́. Mo gbé ẹ̀kọ́ yẹn wọnú iṣẹ́ agbẹ̀bí, èèyàn kan sì ti ibẹ̀ kú.

Ohun tí mo gbé dé tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ní agbègbè náà ni pé mo ní kí ọkọ máa bá ìyàwó rẹ̀ wá. Àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ṣé àwọn náà ló fẹ́ẹ́ rọbí ni. Mo ní kò burú, obìnrin tí n kò bá rí ojú ọkọ rẹ̀, òun náà kò ní rí ojú mi. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe àwàdà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀sán Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, lẹ́yìn tí àwọn ìmàle bá ti kírun ọ̀sán. Abẹ́ igi máńgòrò la máa ń jókòó sí. Àwọn obìnrin á kọjú sí mi, àwọn ọkọ wọn á kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n á kọjú sí títì bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Ìpàkọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé etí wà lára ìpàkọ́.

Mo kọ́ wọn ní ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé: abọ́ tánganran ńlá, bíléèdì tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò, òwú tí a sè, ọṣẹ, àtùpà tí epo wà nínú rẹ̀, àti orúkọ ọkùnrin mẹ́rin tí yóò gbé obìnrin náà dé ojú títì bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Mo kọ́ wọn pé bí inú bá ń run obìnrin nígbà tí oṣù kò tíì pé, kí wọ́n má sáré gbé e gun ọkọ̀. Kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, kó mu omi, kí wọ́n má jẹ́ kí èrò pé lé e lórí. Ìrora náà yóò lọ. Ẹ̀rín ni ẹ̀kọ́ yẹn máa ń pa wọ́n, torí kò sí ẹni tí kò mọ ọkọ kan tó ti gbé ìyàwó sáré wá bá mi nítorí ẹ̀wà tó jẹ.

Ní ti aṣọ ọmọ, mo gba tiwọn rò. A kì í ra aṣọ tuntun de ọmọ tí a kò tíì bí, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n mú ògbólógbòó ìró, kí wọ́n sè é, kí wọ́n sá a sóòrùn, kí wọ́n ká a sínú abọ́. Inú wọn dùn sí ìyẹn. Ibẹ̀ ni òye mi mọ. Ní ti kíka oṣù, n kò gba tẹnikẹ́ni rò.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ka oṣù oyún sí etí ayé. Bí o bá bi aláboyún pé oṣù mélòó ni, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó ti wà níbẹ̀." Bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á yọ oṣù kan tàbí méjì kúrò, kí ẹni tó bá ní inú burúkú má bàa mọ ìgbà tí yóò kúnlẹ̀. Ìyá mi náà ṣe é nígbà tó lóyún àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ilé tíṣà ló wà. Nítorí náà n kò lè sọ pé n kò mọ̀. Mo mọ̀, mo sì kà á sí ìwà òpè. Mo fi rúlà fa àpótí mẹ́sàn-án sórí bébà kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń pe tọkọtaya dìde lójú gbogbo èèyàn, mà á ní, "Oṣù mélòó?" Bí wọ́n bá ti wí ni mà á fagi lé iye àpótí tó ti kọjá, mà á sì fún ọkọ ní bébà náà. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè fi èédú fagi lé àpótí kan nígbàkigbà tí oṣù tuntun bá lé. Bébà yìí wú mi lórí. Mo rò pé mo ti gbọ́n ju gbogbo ìyá àgbà Lagelu lọ.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Fàtímọ̀. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi lábẹ́ igi yẹn, ó ń fi ọwọ́ lọ́ etí ìró rẹ̀, ó ní oṣù tí òun sọ lọ́jọ́sí kì í ṣe òótọ́, ó fi méjì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú bí mi. Mo bú u lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Ẹ ó máa purọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ ikú! Ẹni tó bá tún purọ́ fún mi, kó má wá sí ibí mọ́, kó lọ bí sínú igbó." Fàtímọ̀ sunkún. Ó bí ọmọ rẹ̀ láyọ̀, ẹ má da ara yín láàmú nítorí tirẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í lọ́jọ́ náà, tó ń gbọ́ èébú mi, tó ń wo ilẹ̀, òun ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mùsílímátù ni.

Abà Láyí ni Mùsílímátù ti ń wá, máìlì mẹ́ta sí wa. Ọmọ bí ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Àìsàn kan ti ṣe é nígbà èwe tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ, egungun ìbàdí rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gàfárù ni ọkọ rẹ̀. Pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Ìbàdàn ló ti ń gé koríko. Mọ́ńdè ni í lọ, ìrọ̀lẹ́ Jimọ̀ọ́ ni í padà sí abà. Ìyá Gàfárù, Hàjàrá, ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó lọ́jọ́ tó kù. Oyún àkọ́kọ́ tí Mùsílímátù ní, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi rọbí, òkú ọmọ ni wọ́n gbé jáde. Lẹ́yìn náà, oyún méjì bàjẹ́ lára rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́rin. Gbogbo abà ló ti mọ̀ nípa àwọn méjèèjì kí wọ́n tó bàjẹ́, torí inú Gàfárù máa ń dùn, kì í sì lè pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo pe Gàfárù wọlé, mo sì là á mọ́lẹ̀ fún un. Mo ní ọ̀nà tí ọmọ ń gbà nínú egungun obìnrin yìí há. Mo ní bó bá tún rọbí lóko, ọmọ yóò kú, ó ṣeé ṣe kí òun náà bá a lọ. Ọsibítù ńlá ní Ìbàdàn ló gbọ́dọ̀ bí i sí, iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbé ọmọ náà. Ọkọ mìíràn ì bá ní kí òun lọ bi ẹbí. Gàfárù kò bi ẹnì kankan. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ wo la máa gbé e lọ?"

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Òun ni ọkọ àkọ́kọ́ tó yí ojú padà lábẹ́ igi máńgòrò, tó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ tó sì ń wò mí lẹ́nu. Àwọn yòókù pè é ní ìyàwó nọ́ọ̀sì, síbẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó máa ń béèrè ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó béèrè rí. Bí òjò bá wá dí ọ̀nà ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ó fi igi kan àga kan, ó so ọ̀pá gígùn méjì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọkùnrin mẹ́rin lè gbé Mùsílímátù láti abà dé títì láìjẹ́ pé ìbàdí rẹ̀ mì. Ó bá Sàníù tó ní bọ̀lẹ̀kájà sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó rí ilé tí wọn yóò dé sí ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ àbúrò Hàjàrá.

Ìparí oṣù Janúárì ọdún 1961 ni mo pè wọ́n dìde. Mo ní, "Oṣù mélòó?" Gàfárù wo ìyàwó rẹ̀. Mùsílímátù wo ilẹ̀, ó ní, "Márùn-ún, mà." Méje ni. Kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ó ti sọ fún un nígbà méjì, ayé gbọ́, ó sì pàdánù wọn. Ní ìgbà yìí ó fi í pamọ́ títí ikùn fi yọ, ó sì ní oyún náà kéré ju bó ṣe rí lọ. Mo fagi lé àpótí márùn-ún. Mo ṣírò rẹ̀, mo ní wọn yóò jẹ ẹran Iléyá tán lóko, ọjọ́ kejì rẹ̀ Sàníù yóò gbé wọn lọ sí Ìbàdàn, wọn yóò sì máa retí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Gàfárù dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ka bébà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bọ inú fìlà rẹ̀. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ògì tútù ló fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, lókè ibi tí orí ìyàwó rẹ̀ ń wà bó bá sùn.

Ní ìdajì oṣù Mááṣì, ní kété tí ààwẹ̀ parí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, Mùsílímátù, ọkọ rẹ̀ àti Hàjàrá. Mo ní kó dùbúlẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Kí n sọ òótọ́ fún yín: ọwọ́ mi mọ̀. Ilé ọmọ ti dé abẹ́ egungun àyà, bó ṣe máa ń rí nígbà tó bá ti lé ní oṣù mẹ́jọ. Ìwé mi ní kò tíì pé méje. Mo fi ìwo onígi gbọ́ bóyá ìbejì ni, ọkàn ọmọ kan ṣoṣo ni mo gbọ́, ó ń lù kíkan kíkan. Mo gbé orí sókè, mo ní, "Mùsílímátù, ṣé ó dá ọ lójú pé bí o ṣe ka oṣù yẹn ló rí?"

Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Èmi ni mo ṣe òfin pé ọkọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, èmi ni mo sì bú Fàtímọ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Èmi tí mo ti gba ọmọ tó lé ní igba, mo fi ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ sílẹ̀, mo di ohun tí a kọ sílẹ̀ mú. Mo sọ fún wọn pé ọmọ náà tóbi, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a kò fi gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ṣeré. Gàfárù rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ pé ọmọ òun tóbi. N kò yọ Mùsílímátù sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kù. N kò sọ fún un pé ní tirẹ̀, ìrora èyíkéyìí tó bá mú un, kékeré tàbí ńlá, kí wọ́n gbé e wá. Mo ti fún un ní ọjọ́, mo gbà pé ọjọ́ náà ti tó.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé Ọdún Àjíǹde ni. A wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ kejì, nígbà tí mo rí i pé àwọn èèyàn ń yí ọrùn wo ẹ̀yìn. Gàfárù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, kò sí fìlà lórí rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá òun lè wọlé tàbí òun kò lè wọlé. Mo dìde. Kó tó sọ nǹkan kan ni mo ti ń sáré.

Ó ń sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń lọ. Ó ní láti ìrọ̀lẹ́ Jimọ̀ọ́ tí òun ti ibi iṣẹ́ dé ni inú ti ń run Mùsílímátù. Ó ní òun wo bébà, àpótí méje ni òun fagi lé, nítorí náà òun mọ̀ pé ìrora èké tí mo kọ́ wọn nípa rẹ̀ ni. Òun ní kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Òun fún un ní omi. Obìnrin méjì wá láti ojúlé kejì, òun dá wọn padà kí wọ́n má bàa pé lé e lórí. Ìyá òun kò sí nílé, ó lọ síbi ìkómọ ní Ìjàyè láti Ọjọ́bọ̀; àárọ̀ yìí ló dé, tó rí ìyàwó, tó pariwo, tó ní kí òun sáré wá pè mí. Ó ń wò mí lójú bó ṣe ń kà á sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ kí n sọ pé òun ṣe dáadáa. Mo túbọ̀ ń sáré.

Nígbà tí a dé abà, mo ní kó máa lọ bá Sàníù, kó gbé bọ̀lẹ̀kájà wá dúró sí etí títì. Mo wọlé. Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ojú Mùsílímátù ti wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Mo gbé ìwo onígi lé ikùn rẹ̀, mo sún un síhìn-ín, mo sún un sọ́hùn-ún. Kò sí ìró. Mo fi ọwọ́ kan ikùn náà, kò le bí ti ẹni tó ń rọbí mọ́, ó ti rọ̀, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ilé ọmọ ti ya.

Hàjàrá wólẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi, àgbàlagbà tó lè bí mi. "Nọ́ọ̀sì, oṣù pé o. Ó ti pé. Èmi ni mo ní kó yọ ọ́. Ìgbà tí ẹ ní kí wọ́n máa kà á lójú gbogbo ayé, mo ní, ìyàwó, yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ojú pọ̀ níbẹ̀. Mo rò pé mo ń ṣọ́ ọ ni. Mo ní bí mo bá ti ìkómọ dé, màá wá sọ òótọ́ fún yín."

"Ẹ dìde, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká gbé e."

Ó di ẹsẹ̀ mi mú. "Ẹ má sọ fún Gàfárù. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọmọ mi dúró tì í láti Jimọ̀ọ́ tó ń ní kó sùn. Bó bá mọ̀ pé ìrọbí ni, kò ní ṣe èèyàn mọ́." Mo ní n kò ní sọ. Mo ṣèlérí fún un níbẹ̀, èmi tí irọ́ ń bí nínú.

Ọkùnrin mẹ́rin gbé e lórí àga tí ọkọ rẹ̀ kàn, àga náà kò sì mì. Nígbà tí a dé inú bọ̀lẹ̀kájà, mo ní kí Gàfárù lọ jókòó síwájú lọ́dọ̀ Sàníù. Èmi gbé orí Mùsílímátù lé itan mi. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, Sàníù ń rìn bó ṣe lè rìn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Mùsílímátù la ojú, ó wá mi títí ó fi rí mi. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Mo purọ́ fún yín."

Mo ní, "Dákẹ́, má sọ̀rọ̀ mọ́. Máa mí." Ohun tí mo sọ nìyẹn. N kò sọ pé n kò bínú. N kò sọ pé èmi ni kó má bínú sí. Mo rò pé àyè ṣì wà. Ká tó dé Ìbàdàn, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù nínú ọwọ́ mi, Sàníù sì yí ọkọ̀ padà. Ọmọ náà kò jáde, inú ìyá rẹ̀ ló wà tí wọ́n fi sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní ìlànà ẹ̀sìn wọn. Mo dúró lókèèrè pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi tó kún fún ẹ̀jẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọdé, kò sì sẹ́ni tó dá mi lẹ́bi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Wọ́n ní mo gbìyànjú.

Sátidé méjì kọjá, n kò pe ẹnikẹ́ni sábẹ́ igi máńgòrò. Mo kó bébà tó kù, mo fi dáná. Láti ìgbà náà, yàrá ni mo ti ń bi obìnrin ní oṣù rẹ̀, èmi àti òun nìkan, ìlẹ̀kùn títì, mo sì máa ń bi ọwọ́ mi náà. Àwọn kan ti ipa bẹ́ẹ̀ bí láyọ̀, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. N kò fi wọ́n ṣe ẹ̀san. Kò sí iye ọmọ ẹlòmíràn tí mo lè kà tí yóò dípò tirẹ̀.

Gàfárù wá bá mi lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Àárọ̀ ni, mo ń sá aṣọ. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ó wọ aṣọ tó mọ́, ó sì kí mi dáadáa. Mo gbé ìjókòó fún un. Ó jókòó, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín, ẹ dákun, ẹ má fi bò fún mi. Lọ́jọ́ tí Mùsílímátù kú, ṣé oṣù ti pé ni, àbí kò tíì pé?"

Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn láti ogójì ọjọ́. Mo ti to ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo wò ó lójú, mo ní, "Kò tíì pé. Ọmọ náà ló tètè ń bọ̀. Ẹ ò ṣe ohun tí kò yẹ. Bí mo ṣe kọ́ yín lẹ ṣe é, ẹbi kankan ò sí lọ́rùn yín."

Ó mí kanlẹ̀. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé bí irọ́ kan bá wà tí Ọlọ́run lè fojú fò dá, èyí ni. Ó ní, "Àlùhámúdùlílááì." Ó na ọwọ́ sí orúnkún rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dìde. Kò dìde. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Á jẹ́ pé irọ́ ló pa fún mi nìyẹn."

"Ta ni?"

"Mùsílímátù. Ìrọ̀lẹ́ Jimọ̀ọ́ tí mo dé, ó ní oṣù ti pé. Ó ní òun yọ méjì kúrò lójú yín, ẹ̀rù ló ba òun. Mo ní ìrora ló ń mú un sọ̀sọkúsọ. Mo fi bébà hàn án. Mo ní, ṣé o wá mọ̀ ju Nọ́ọ̀sì lọ ni? Ojoojúmọ́ ni mo ń rò ó láti ìgbà náà. Ẹ ti yanjú rẹ̀ fún mi báyìí. Àbúrò mi kan ní kí n jẹ́ kí Aáfà bá mi ṣe àdúà fún un, kí Ọlọ́run forí irọ́ tó pa gbẹ̀yìn jì í. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín. N kò fẹ́ tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá."

 Mo rí Hàjàrá lójú mi bó ṣe di ẹsẹ̀ mi mú. Mo rí ìyàwó náà pẹ̀lú, tí kò ní ẹnu mọ́, tí wọn yóò máa bẹ Ọlọ́run fún nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ tó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. N kò lè gba ọkọ àti ìyàwó là pa pọ̀. Mo yan òkú.

Mo ní, "Gàfárù, ẹ má tọrọ àforíjì kankan fún un. Kò purọ́ fún yín. Oṣù ti pé. Èmi ni mo purọ́ nísinsìnyí, mo rò pé mo fi ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n láti oṣù Mááṣì, mo sì ka ìwé mi sí jù ú lọ. Òótọ́ ló sọ fún yín."

 Ó jókòó síbẹ̀ tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí oòrùn fi bá wa níbi tí a wà. Àwọn obìnrin ń kọjá lọ sọ́jà, wọ́n ń kí wa, èmi ló ń dá wọn lóhùn. Níkẹyìn ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ má bá ọ̀rọ̀ yẹn lọ mọ́."

Ó ní, "Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀ bẹ̀ mí kí n gbà á gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kó lè kúnlẹ̀. Mo bá a wí." Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gba ọ̀nà abà lọ.